Ọdún Tí Ọfà Ojú Kọ̀ǹpútà Ń Sá fún Bàbá Bọ́sẹ̀

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ní agbo ilé wa ní Ìlọ́fà, ìyá ọkọ mi á ti máa wúkọ́ lórí ẹní. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò yá. Ó ń fi sọ fún wa pé òun ti jí ni, kí ẹni tó bá ṣì ń sùn mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbálẹ̀ á tẹ̀lé e lójúde, lẹ́yìn náà korobá nídìí àmù, lẹ́yìn náà aago ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló ní ìwọ̀nyí. Ohun tí wọ́n fi ń dá ilé tiwa mọ̀ ni ariwo tàìpúráítà bàbá rẹ àgbà, ọkọ mi. Tàìpísì ni ní káńsù, wọ́n sì yọ̀ǹda ọ̀kan tó ti gbó fún un láti máa fi ṣiṣẹ́ nílé. Ní àárọ̀ Sátidé, tó bá ti jẹ iṣu sísè àti epo tán, á gbé e sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀: pàkà-pàkà-pàkà, gbin-in, gbàràrà. Gbin-in ni agogo kékeré tó ń sọ fún un pé ìlà ti tán, gbàràrà ni bó ṣe ń ti orí ẹ̀rọ náà padà. Àwọn èèyàn á ti jókòó sórí àga gbọọrọ, àwọn mìíràn láti Òkè-Ọ̀pin: ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tó fẹ́ kéde òkú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbéyàwó, akọ̀wé ìjọ. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Bó bá tẹ lẹ́tà o, lẹ́tà náà á lu ìwé jáde sí òdìkejì. Bí o bá gbé ìwé rẹ̀ sókè kọjú sí oòrùn, wàá rí ìmọ́lẹ̀ wínní-wínní lára rẹ̀ bí ajọ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ gba ìwé tí kò bá ní ihò. Wọ́n á ní ọwọ́ Bàbá Bọ́sẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Èmi kò mọ̀wé, ìwọ náà mọ̀. Gàrí ni mò ń dín. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò mi wà, agbada orí rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ọmọ ọdún méjì lè jókòó sínú rẹ̀. A ó rin ẹ̀gẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, a ó dì í sápò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè gbẹ, tó bá di Sátidé màá kù ú ní ajọ̀, màá sì dá a sínú agbada. Iwájú ilé ni bàbá rẹ àgbà wà, ẹ̀yìn ilé lèmi wà. Tirẹ̀ ń dún pàkà-pàkà, àfọ́kù igbá tèmi ń dún ṣàá-ṣàá nínú agbada. A kì í bára wa sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n a ń gbúròó ara wa. Bí tirẹ̀ bá dákẹ́ jù, màá mọ̀ pé oníwàhálà kan ti wá bá a. Bí tèmi bá dákẹ́ jù, á ké láti iwájú pé, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé kò sí nǹkan?" Màá ní, "Kò sí." Ó tán.

Ìyá rẹ, Bọ́sẹ̀, òun nìkan lọ́mọ tí Ọlọ́run fún wa, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìgbà náà ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní gàrí dídín. Kò rọrùn fún àwa méjèèjì. Èyí tó bá dín, apá kan á di kókó, apá kan á dúdú bí èédú. Ibi tí mo bá ti ń kù ú ni màá ti máa pariwo: "Bọ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ! Ọwọ́ rẹ kò yá. Irú ọwọ́ wo nìyẹn?" Ọmọ náà á wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, á máa wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Mo ń rí i. N kò ka ohun tí mo ń rí sí nǹkan kan. Àgbà ń ríran, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tó rí ń dé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé káńsù. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n kun yàrá fún un, wọ́n ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà kó tó wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi ní àlejò wo ló fẹ́ràn ara rẹ̀ tó báyìí, ṣé ó tiẹ̀ kí aráalé nígbà tó dé? A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan bàbá rẹ àgbà dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó ti iyán rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án títí ọbẹ̀ fi di.

Mo ní, "Kí ló dé, Bàbá Bọ́sẹ̀?"

Ó ní, "Wọ́n ń kó gbogbo tàìpúráítà lọ sí sítọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìlọrin láti dán àwa tàìpísì wò lórí ẹ̀rọ tuntun yẹn. Ẹni tó bá yege á máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá yege, yàrá fáìlì."

Ìyá ọkọ mi ní, "Kí ló wà ní yàrá fáìlì?"

"Ikán ni, Màmá."

Mo mọ yàrá náà. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ jù sí. Ọkùnrin kan ń ṣọ́ ọ nígbà náà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Fáìlì, torí pé kò sẹ́ni tó tún rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn lohun tó gba iyán lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, wọn kò sì ní yọwọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ìlú ń gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti òkú wá bá, kó wá lọ máa bá ikán jókòó, kí orúkọ rẹ̀ sọnù kó tó kú.

Kì í ṣe lẹ́tà títẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní bọ́tìnnì ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jọ ti tàìpúráítà. Nǹkan kan tó dà bí ọṣẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ìrù, eku ni wọ́n ń pè é. Bí o bá tì í lórí tábìlì, ọfà kékeré kan á máa rìn lójú gíláàsì. Ibi tí o bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ lo máa gbé ọfà dúró sí, kí o wá tẹ eku náà lórí lẹ́ẹ̀mejì kíá-kíá. "Ti èmi kì í dúró," ló wí. "Mo kàn fọwọ́ bà á ni, ó ti sá dé igun. Mo fà á padà, ó ti sá dé igun kejì. Kọ́pà ní kí n rọra. Gbogbo wọn ní kí n rọra." Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá sìnrú ìlú ní káńsù ni Kọ́pà yìí, ọmọ Abẹ́òkúta, òun ni wọ́n ní kó kọ́ wọn. Ó níwà, kì í pe ọkọ mi ní nǹkan kan ju Bàbá lọ.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ṣé eku ni? Ilé la ti ń kọ́ bí a ṣe ń mú eku." Bọ́sẹ̀ ló wá gé ọṣẹ ìfọṣọ wá. Ó so okùn mọ́ ọn nídìí, ó gbé e lé orí tíréè, ó dúró síwájú ògiri, ó na ìka. Òun ni ọfà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ọṣẹ sí ọ̀tún díẹ̀, ìka á lọ sí ọ̀tún díẹ̀. Bó bá fà á wálẹ̀, ìka á wálẹ̀. Wọ́n fi ẹfun ya àwọn àpótí kéékèèké sára ògiri, bàbá rẹ àgbà á sì máa gbé ìka ọmọ náà bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, kò tàsé ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ọmọ mi dáa." Tó bá wá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ọfà á sá. Kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Lónìí ó yé mi. Bọ́sẹ̀ ń bá ọwọ́ bàbá rẹ̀ rìn. Ti ọ́fíìsì kò bá ẹnikẹ́ni rìn.

Nígbà tí kò yé wa, ọwọ́ rẹ̀ la dojú kọ. Ìyá ọkọ mi ń fi òrí pa á ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Àwọn alàgbà ìjọ wá gbàdúrà lé e, wọ́n ní kí ọwọ́ náà gba ìfàyàbalẹ̀, bẹ́ẹ̀ alàgbà lòun náà, ó wá kúnlẹ̀ láàárín wọn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹnìkan ní kó máa di yanrìn mọ́ ọrùn ọwọ́ kó lè máa falẹ̀. Ó dì í. Ó ń rìn kiri inú ilé pẹ̀lú àpò yanrìn lọ́wọ́, ọwọ́ tí kò gbọ̀n rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó yá kò gbé tàìpúráítà jáde ní Sátidé mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ òun tún yára sí i. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó lórí àga gbọọrọ, wọ́n dìde, wọ́n lọ. N kò gbúròó nǹkan kan láti iwájú ilé. Ọjọ́ yẹn ni gàrí jó mọ́ èmi alára lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀gá Ìlọrin dé nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ fún un ní káńsù lọ́sàn-án. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Mo bọ́ sálúbàtà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá rí i. Gẹnẹrétọ̀ ń hó níta, ọkọ mi jókòó, òógùn bò ó, ọfà funfun kékeré kan sì ń fò lójú gíláàsì bí tata inú agbada.

"Bàbá, ẹ rọra," Kọ́pà wí.

"Mo ti rọra, ọmọ mi. Bí mo bá tún rọra ju báyìí lọ, mo ti sùn."

Èmi kò wo ojú gíláàsì mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ọwọ́ náà kò yára. Bí ìgbín ló ń lọ. Mo wá ń wò ó pé ọwọ́ tí kò yára yìí ni gbogbo wa ti ń bú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo sì rántí ilé àwọn ìyá mi ní Ọ̀sì, nígbà tí èmi náà wà bí Bọ́sẹ̀. Gàrí jó mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn ìyàwó ilé ń bú mi láti gbogbo ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ní ọwọ́ mi kú, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀lẹ ni. Ìyá tó bí ìyá mi jáde láti inú ilé. Kò wo ọwọ́ mi rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò, ó fa igi kan jáde, ó ti orí rẹ̀ bọ yanrìn títí iná rẹ̀ fi kú. Ó ní, "Uná ló jù ú lọ. Ọwọ́ ọmọ dáa." Uná ni àwa ń pe iná ní ilé. Ó padà wọlé lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ gàrí dín. Ohun tí mo mọ̀ látìgbà èwe nìyí, mo sì ti gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Kọ́pà, ẹ má bínú sí aláìmọ̀wé. Iná ẹ̀rọ yìí, ṣé kò ṣeé fà sẹ́yìn?"

Ó ní, "Iná wo, Màmá? Ti gẹnẹrétọ̀?"

"Rárá o. Eré tí ọfà yìí ń sá. Ta ló ní kó máa sá tó bẹ́ẹ̀?"

Bàbá rẹ àgbà yíjú sí mi. "Ìyá Bọ́sẹ̀, gbé oúnjẹ yẹn sílẹ̀, kí o máa lọ."

Ṣùgbọ́n Kọ́pà fi ìka kan eyín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe ń lò ó. N kò bi ara mi rí." Ó gba eku náà, ó ṣí ibì kan, ó ṣí ibòmíràn, títí a fi dé ibi tí wọ́n ya àwòrán eku sí. Ìlà kan wà níbẹ̀ bí ojú ọ̀nà. Ó ní wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, ti apá òsì ní kó lọ́ra, ti apá ọ̀tún ní kó yára. Nǹkan bí èèkàn kékeré kan dúró sójú ìlà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpẹ̀kun apá ọ̀tún. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà ló fi í síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fà á, kí ẹ lè mọ̀nà ibẹ̀." Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ọfà sá. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó sá. Lẹ́ẹ̀kẹta ó bá èèkàn náà, ó dì í mú, ó fà á sí òsì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tún ti eku, ọfà náà rìn. Ó rìn bí ìka Bọ́sẹ̀ lára ògiri. Kọ́pà tún fi ibì kan hàn án níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe títẹ lẹ́ẹ̀mejì, pé kò pọn dandan kó yára bíi tàwọn ọ̀dọ́. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ fún ìdánwò: bí o bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọmọlangidi kan á yọ orí jáde. Odindi alàgbà ìjọ, ó ń pe ọmọlangidi jáde, ó ń dá a padà, ó ń pè é jáde, ó ń rẹ́rìn-ín bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí a bí Bọ́sẹ̀. Ẹ̀kọ náà tutù. Ní ọ̀nà ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi bú ọwọ́ yìí." Ó tú okùn yanrìn, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, òun ló sọ ọ́ fún wa, Kọ́pà sì tún un sọ nígbà tó wá kí wa. Wọ́n á tẹ lẹ́tà kan, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n á wá a jáde padà, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e jáde lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ọ̀dọ́ kan ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọfà tó ń lọ́ra sú ọmọkùnrin náà, ó sì ti dá èèkàn padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ọkọ mi jókòó, ó fọwọ́ kan eku, ọfà sá dé igun. Ó ní ọkàn òun lọ sí yàrá fáìlì lọ́gán, òun gbóòórùn rẹ̀.

Kò fọwọ́ kan lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ọfà náà lọ sí ibi àwòrán eku. Ọ̀gá Ìlọrin tó di aago mú ní, "Bàbá, lẹ́tà ni wọ́n ní kí ẹ tẹ̀. Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Mò ń fa iná sẹ́yìn."

"Iná kẹ̀?"

Kọ́pà tó wà lẹ́yìn fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ìdámẹ́rin wákàtí ló fi lépa ọfà kó tó di èèkàn náà mú, ó sì mọ̀ pé aago ń lọ, ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun bí àgbàlagbà tó ṣìnà. Nígbà tó fà á sí òsì tán, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ọwọ́ tó ti ń tẹ̀wé láti ìgbà tí kò tíì sí káńsù kankan ní Ìlọ́fà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Aago kò tíì pé nígbà tí ìwé jáde. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, kò rí ihò kankan nínú àwọn lẹ́tà o. Ó ní ìyẹn dun òun díẹ̀. Ọ̀gá Ìlọrin wá fọwọ́ kan eku náà fúnra rẹ̀, ó ní, "Ó ti lọ́ra jù."

Ọkọ mi ní, "Fún ẹ̀yin ni, sà."

Ọ̀gá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ pé ó yege. Àná tí mo rí i pé o ń lu ẹ̀rọ tìrẹ yìí, tí kò ní eku mọ́, tí ìka nìkan ni wọ́n fi ń pa á lára, tí o ń sọ pé ìka rẹ kò gbọ́ tìrẹ, ohùn bàbá rẹ àgbà nígbà tó ń bú ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o jókòó, kí o kọ èyí sílẹ̀.

Ó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kó tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń kù, Bọ́sẹ̀ wà nídìí agbada. Òórùn jíjó dé imú mi. Mo ti la ẹnu, mo ti ní, "Bọ́sẹ̀, ọwọ́..." Ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi lẹ́nu. Bàbá rẹ àgbà ti dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò mí. Ọmọ náà ti gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó.

Mo gbé ajọ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò, mo fa igi tó tóbi jù jáde, mo ti orí rẹ̀ bọ yanrìn.

Bọ́sẹ̀ wo igi, ó wo ojú mi. "Màámi, ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ni?"

Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Kò fìgbà kan jẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ọmọ náà mú àfọ́kù igbá rẹ̀. Ṣàá, ó sinmi, ṣàá. Kò yára bíi tèmi, títí di òní kò yára bíi tèmi. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí ìdérí ìkòkò omi, mo jókòó tì í, a ń gbọ́ ọ títí gàrí fi pọ́n.